Okùn Ni Kó Ṣáájú, Kì í Ṣe Kátápílà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìròyìn. Gbogbo ìgbà tí kátápílà bá ti wọ àdúgbò kan lẹ́bàá Àbújá la máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ wa tó ń gbé Wuse àti Gwarinpa, pé olóríkunkun làwọn tó kọ́lé síbẹ̀, pé àwọn ló ba másítà pláànù, ìyẹn ìwé ètò ìlú, jẹ́. Bíríkìlà, káfíńtà, awọnlẹ̀ àti agbaṣẹ́ṣe ni àwa tí a kọ lẹ́tà yìí. Mpape, Nyanya àti Mararaba la ti ń ṣiṣẹ́. A ò wí pé gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ ló yẹ kó dúró. Òmíràn wà tí àwa fúnra wa ò jẹ́ sùn sí lálẹ́ òjò. Ohun tí a ń wí ni pé ìjọba fi ilẹ̀ sílẹ̀ láì fa okùn awọnlẹ̀ sí i, ará ìlú sì kọ́lé síbi tí kò sí okùn.

Oṣù kẹjọ ọdún 1975 ni ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, tí Adájọ́ Akínọlá Àgúdà jẹ́ alága rẹ̀, pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Èkó ṣì lè gba olú-ìlú mọ́ra. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 1976, Òfin 6 ọdún náà bu ilẹ̀ lára ìpínlẹ̀ Niger, Plateau àti Kwara, ó sọ ọ́ di FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́. Ìwé òfin 1999, ní abala 297, tún ohun kan náà sọ. Èrò àkọ́kọ́ ni pé gbogbo àwọn tí wọ́n bá lórí ilẹ̀ náà, Gbagyi, Koro, Gade, Bassa àti àwọn yòókù, yóò gba owó gbà-má-bínú, wọn yóò sì kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó náà, ó wúwo ju ohun tí àpò ìjọba fẹ́ gbé lọ. Wọ́n bá yí ohùn padà: ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó dúró ná, títí ìjọba yóò fi nílò ibi tó wà.

Ibi ọ̀rọ̀ “dúró ná” yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀. Abúlé dúró, baálẹ̀ dúró, oko dúró, ṣùgbọ́n onílẹ̀ kò ní ìwé kankan lórí ilẹ̀ tí bàbá ńlá rẹ̀ ti dáko. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì mọ iye tí wọn yóò san, kí ni yóò ṣe bí kò ṣe kó tà á fún ẹni tó mówó lọ́wọ́ lónìí?

Ọdún 1979 ni másítà pláànù jáde. Àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà mẹ́ta tó para pọ̀, tí wọ́n ń pè ní International Planning Associates, ló yà á. Wọ́n yà á fún èèyàn mílíọ̀nù 1.6 títí di ọdún 2000, pé tó bá kún dẹ́nu yóò gba èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 3. Ètò ìlú kéékèèké wà nínú ìwé náà fún àwọn tí àárín ìlú kò ní gbà. Ṣùgbọ́n àárín ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ: Garki, Wuse, Maitama, Asokoro. Nyanya tí wọ́n fi ṣe ibùdó fún àwọn lébùrà, tí wọ́n rò pé kò ní pẹ́ kó tú, kún ó sì gbilẹ̀. Nígbà tí ìjọba kó dé tán ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991, akọ̀wé ìjọba ní ilé tí wọ́n yàn fún un. Ẹ wá a nínú ètò náà, ẹ ò ní rí yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìyá olóúnjẹ, fún mégádì, fún fọkanáísà, tàbí fún bíríkìlà tó kọ́ ilé akọ̀wé.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 2003 sí 2007, ìgbà Nasir El-Rufai ní mínísítà FCT. Ní 2005, ìjọba ta àwọn ilé tó ní ní Àbújá. Ó dára fún ẹni tó rà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ń pè ní BQ kó jáde. Ní oṣù kẹwàá 2006, wọ́n lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú, ilẹ̀ tó wà létí ọ̀dà tí bọ́ọ̀sì ń gbà sì di ohun tí gbogbo ayé ń dù. Ní àárín kan náà ni wọ́n ń wó àdúgbò lọ́tùn-ún lósì. Àjọ COHRE àti SERAC, tí wọ́n ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú sí ilé, nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2008, fojú bù ú pé àwọn tí wọ́n lé jáde nílé lé ní 800,000. Ẹ fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ iye tí wọ́n kà nínú ètò ìkànìyàn 2006, tí gbogbo FCT jẹ́ 1,406,239, kí ẹ tó sọ pé àwọn aláìgbọràn díẹ̀ ni.

Níbo ni wọ́n lọ? Púpọ̀ nínú wọn kàn sọdá ibodè ni. Mararaba wà ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, àṣẹ àwọn tó ń wólé ní FCT kò sì dé ibẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ kan ṣoṣo, ti Keffi, ló gbé gbogbo wọn wá síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bú go-slow Nyanya, ibẹ̀ ló ti wá.

Ẹ jẹ́ ká wá mú Mpape, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ wa pọ̀ sí. Abúlé Gbagyi ni, lórí òkè tó wà lẹ́yìn Maitama, ní òdìkejì títì tó lọ sí Kubwa. Ìjọba ìbílẹ̀ Bwari ló ni ín. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta fún títì àti ilé Àbújá ló kọ́kọ́ kó èrò débẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni òṣìṣẹ́ ń gbé. Òkè yẹn ni òkúta tó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dà ìlú ti wá, ṣùgbọ́n ní 2012 wọ́n ní kí àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ kó ẹrù. Àwọn ará Mpape gba ilé ẹjọ́ lọ. Mpape ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Bí ilé ṣe ń dìde níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti Gwarinpa. Bàṣà ló máa ń kọ́kọ́ wà: pákó 2×3, páànù àlòkù, kónkéré pẹlẹbẹ nísàlẹ̀. Tí ọdún méjì bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára rẹ̀, onílé á mọ ògiri búlọ́ọ̀kù yí i ká, bàṣà ṣì wà nínú. Á kó páànù gorí rẹ̀, á tú bàṣà láti inú, á gbé ayálégbé kan sí i. Owó ilé ọdún kan tí ó gbà ni yóò fi kọ́ yàrá kejì. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa kọ́ ọ ní yàrá-yàrá, títí yóò fi di ojú-kojú oníyàrá mẹ́jọ. Kò sí báńkì tó yá a lówó, nítorí kò ní ìwé tí báńkì yóò gbà dúró.

Kíkọ́ ní yàrá-yàrá yìí ní àrùn tirẹ̀. Yàrá tó ti jókòó lọ́dún mẹ́ta àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í wọlẹ̀ bákan náà, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé á sì là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ á ti fi eyín sílẹ̀ ní ìparí ògiri àkọ́kọ́, búlọ́ọ̀kù kan jáde, ìdajì kan wọlé, kí ògiri tuntun lè bu ti àtijọ́ jẹ. Ẹni tó bá kàn fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara wọn, òjò méjì ló fún un.

Ìpìlẹ̀ ló le jù ní Mpape. Òkè ni, àpáta sì wà lábẹ́ ilẹ̀. Ibòmíràn o gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan o kàn án, ní mítà mẹ́rin sí i, o gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin o kò tíì rí i. Ìpìlẹ̀ tí a mọ̀ fún ògiri onínṣì 9 ni kòtò tó fẹ̀ tó ínṣì 27, tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 3, tí kónkéré tó nípọn ínṣì 9 wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé tí wọ́n bá ti kan àpáta ní kọ̀rọ̀ kan, wọ́n á dá dígà dúró níbẹ̀, wọ́n á gbé kọ̀rọ̀ yẹn lé àpáta, wọ́n á sì gbé kọ̀rọ̀ kejì lé ilẹ̀ tí wọ́n dà. Àpáta kì í wọlẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n dà á wọlẹ̀. Láàárín òjò kan sí méjì, ẹ ó rí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ láti kọ̀rọ̀ wíńdò, tó dá ìdábùú gun òkè, tó sì ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ. Ẹni tó bá fi sìmẹ́ǹtì dí i ń tan ara rẹ̀ ni.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ méjì ni a mọ̀. Bí àpáta kò bá jìn, ẹ wá a dé ìdí gbogbo ògiri náà, kí gbogbo ilé jókòó lé e. Ẹ gé ìpìlẹ̀ ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, kí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ga tó búlọ́ọ̀kù kan, kí ìlà búlọ́ọ̀kù lè bára mu. Ibi tí àpáta bá ti dagun, ẹ lu ihò sí i, kí ẹ ri irin onímílímítà 12 tàbí 16 mọ́ ọn pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì, kí ìpìlẹ̀ má bàa yọ̀. Bí àpáta bá jìn ní apá kan, ẹ pín ilé náà sí méjì, ẹ má jẹ́ kí ògiri kan ṣoṣo fẹsẹ̀ kan tẹ àpáta kó fi èkejì tẹ ilẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹ bá dà kún inú, kó má ju ínṣì 6 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ gún un, kí ẹ tó da òmíràn lé e. Tírọ́ọ̀kù kan tí wọ́n dà lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n sì fẹsẹ̀ tẹ̀ lóríṣìíríṣìí kò gún. Ògiri tó bá sì ń ti òkè dúró, ẹ fi ihò omi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo mítà kan àbọ̀. Omi tó há sẹ́yìn ògiri ló ń wó o, ilẹ̀ nìkan kọ́.

Búlọ́ọ̀kù náà tún wà níbẹ̀. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 ní 12, tí ògiri rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10, yóò jẹ bí 420 búlọ́ọ̀kù, pẹ̀lú àwọn tí yóò fọ́, láì ka ti ìpìlẹ̀. Ìwọ̀n tí a mọ̀ ni sìmẹ́ǹtì 1 sí yanrìn 8. Àpò sìmẹ́ǹtì kan gba báàrù yanrìn mẹ́rin, ó sì máa ń bí nǹkan bí 20 búlọ́ọ̀kù onínṣì 9. Ẹni tó bá ní òun fa 35 tàbí 40 yọ nínú àpò kan, ẹ dúró ka báàrù rẹ̀, yóò tó méje, mẹ́jọ. Òun ni wọ́n fi ń ta lówó pọ́ọ́kú, òun náà ló sì ń di ìyẹ̀fun tí ẹ bá fi ìṣó họ ọ́. Búlọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ rí omi mu fún ọjọ́ méje lábẹ́ ìbòòji. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, nígbà tí kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ruwà, àwọn tó ń ta omi kiri, wọ́n jù, gbogbo ẹni tó ń gún búlọ́ọ̀kù ló máa ń pa ọjọ́ yìí jẹ, oòrùn á sì gbẹ ẹ́ kó tó le. Ẹ má ra búlọ́ọ̀kù tí wọ́n gún lóṣù yẹn láìjẹ́ pé ẹ rí bí wọ́n ṣe ń bomi rin ín.

Kónkéré líńtẹ́ẹ̀lì àti òpó: àpò sìmẹ́ǹtì kan, báàrù yanrìn kan, báàrù òkúta wẹ́wẹ́ méjì. Omi tó yẹ kó lọ síbẹ̀ jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kan, ó pọ̀ tán kó lé díẹ̀. Lébùrà á fẹ́ dà méjì sí i kó lè rọrùn láti fi ṣọ́bìrì yí. Ẹ̀yin onílé, ẹ dúró tì í níbi omi yìí ju ibi sìmẹ́ǹtì lọ. Irin onímílímítà 12 mẹ́rin ni kó wà nínú líńtẹ́ẹ̀lì, kó sì yí gbogbo ilé ká, kó má kàn dúró lórí ilẹ̀kùn àti wíńdò. Orí òkè bíi Mpape, atẹ́gùn òjò àkọ́rọ̀ ni kì í jẹ́ kí páànù dúró. Ẹ yọ irin láti inú líńtẹ́ẹ̀lì yẹn sókè, kí ẹ fi di pákó tó jókòó lórí ògiri. Ìṣó nìkan kò tó.

Lóṣù kẹsàn-án 2018, ilẹ̀ mì ní Mpape àti Maitama. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn mẹ́nu ba àfọ́nká òkúta àti omi tí bọ́họ̀, ìyẹn kànga ẹ̀rọ, ń fà, wọ́n ní bọ́họ̀ bí 110,000 ló wà nínú ìlú. A ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n bọ́họ̀ kò pọ̀ láìnídìí: adágún omi Usuma tí Àbújá ń mu wà ní Bwari, ìjọba ìbílẹ̀ tó ni Mpape gan-an, síbẹ̀ mẹ́ruwà ló ń gbé omi gun òkè. Ẹni tí kò ní páìpù yóò gbẹ́lẹ̀.

Àti pé ẹni tó gbẹ́lẹ̀ fún omi náà ló tún gbẹ́lẹ̀ fún ilé ìgbẹ́. Mítà 30 ni ó yẹ kó wà láàárín kànga àti sókàwéè tàbí ṣáláńgá. Pílọ́ọ̀tì kan, 50 ní 100 ẹsẹ̀ bàtà, mítà 30 ni gbogbo gígùn rẹ̀; ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ìdajì pílọ́ọ̀tì. Kò sí bí onílé kan ṣe fẹ́ ṣe é lórí ilẹ̀ tirẹ̀ nìkan tí yóò fi bọ́ sí i. Àfi kí ilé mẹ́rin, márùn-ún pa owó pọ̀, kí wọ́n gbé bọ́họ̀ kan sí ibi tó ga jù, kí wọ́n ti ẹnu rẹ̀ pa pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì, kí sókàwéè gbogbo wọn sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Níbi tí àpáta bá sún mọ́ òkè, sókàwéè kò ní ibi tí yóò mumi lọ. Á kún lóṣù kẹjọ, á sì tú jáde sójú ọ̀nà. Kòtò tó le bí ìkòkò kì í ṣe sókàwéè. Níbẹ̀, táńkì tí ọkọ̀ lè wá fà ló yẹ, èyí sì dá wa padà sórí ọ̀nà, nítorí ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ rí ibi gbà wọlé.

Ọ̀nà. Gbogbo àdúgbò wọ̀nyí ni ilé ti ṣáájú ọ̀nà. Ẹni àkọ́kọ́ fi mítà mẹ́fà sílẹ̀ níwájú, ẹnìkejì fi mẹ́ta, ẹnìkẹta gbé fẹ́ǹsì rẹ̀ síwájú kí àlejò má bàa páàkì síbẹ̀, ẹnìkẹrin kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí iná bá ṣẹ́, panápaná á dúró létí ọ̀dà. Nígbà tí àdúgbò bá dá owó ra tírànsífọ́mà, kò ní sí ibi tí wọn yóò gbé e sí. Òmíràn lọ kọ́ sábẹ́ wáyà ńlá. Mítà 50 ni wọ́n yà sílẹ̀ lábẹ́ wáyà 330kV, mítà 15 sí ọ̀tún àti 15 sí òsì fún ti 132kV. Ilé tó bá wà níbẹ̀, àti èyí tó wà lójú omi, ni a sọ níṣàájú pé àwa ò ní sùn sí. Kí wọ́n wó wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n fún èèyàn ní ibi tí yóò lọ.

Ẹni tó bá ń ra ilẹ̀ lónìí, ìwé tí baálẹ̀ bá fọwọ́ sí ń jẹ́rìí pé o fún baálẹ̀ lówó ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní FCT, mínísítà nìkan ló lè fúnni ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀. Ìwé ìjọba ìbílẹ̀ gan-an ti fa ẹjọ́ púpọ̀. Kí o tó sanwó, mú awọnlẹ̀ lọ sórí ilẹ̀ náà, kó ka nọ́ńbà ibi tí kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà, kí o gbé e lọ sí AGIS, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Àbújá, láti wò ó bóyá orí títì ló bọ́ sí, tàbí orí ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ti ní ìwé rẹ̀. Ejẹ́ńtì tó bá ní kò pọn dandan, ó mọ ohun tí wọn yóò bá níbẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ ìjọba FCT àti ti Nasarawa fún kò tóbi. Àwọn oko tó kù ní ọ̀nà Kuje, Karshi àti Bwari ni ilé yóò tún dé, yálà ẹnikẹ́ni fẹ́ tàbí kò fẹ́. Kí wọ́n rán awọnlẹ̀ síbẹ̀ nísinsìnyí, kí wọ́n ri òpó sí ojú ọ̀nà, kí ọ̀nà ńlá àdúgbò ní mítà 12, kí èyí tó kéré jù má dín ní 9, kí wọ́n sì jẹ́ kí baálẹ̀ àti àwọn tó ń tà mọ̀ pé ilẹ̀ tó wà láàárín òpó kò ṣeé tà. Títì kìlómítà kan, òpó kan ní gbogbo mítà 50 lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, jẹ́ òpó 42. Òpó tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 75, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 18 ní 18, àpò sìmẹ́ǹtì kan yóò bí mẹ́fà. Àpò méje ni títì kìlómítà kan. Àwa tí a kọ lẹ́tà yìí ṣe tán láti bá wọn dà á.

Àwa bíríkìlà, káfíńtà, awọnlẹ̀ àti agbaṣẹ́ṣe ọmọ Yorùbá kan,
Mpape, Àbújá